Wo Abẹ́ Ilẹ̀kùn Kí O Tó Wo Ọ̀dà

Ọmọ mi, mo ti rí àwòrán ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi. MGB aláìlórùlé, ti ọdún 1967, pupa fòò, ó ń dán débi pé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn lára ilẹ̀kùn. O ní ẹni tó ń tà á sọ pé òun ti tún un ṣe tinú-tẹ̀yìn, o sì ti ń fi owó pamọ́ nítorí irú rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Inú mi dùn sí i. Ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, tó san gbèsè rẹ̀, tó rántí àwọn tó wà nílé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ó fi ìyókù ra ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n má tíì san kọ́bọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, irú ọkọ̀ yìí sì wà lára àkísà tí èmi kó jọ nídìí iṣẹ́ panẹ́ẹ̀bítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Mo ti gé wọn, mo ti jó wọn pọ̀ padà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń purọ́.

Kọ́kọ́ mọ irú ohun tí o fẹ́ rà. Ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní Oxford tí wọ́n ń pè ní Morris Garages ni MG ti ṣẹ̀ wá. William Morris ló ni ín, ẹni tó padà di Lord Nuffield. Ṣùgbọ́n Cecil Kimber, tó di máníjà ibẹ̀ ní 1922, ló ń mú ọkọ̀ Morris tí kò lárinrin, tó ń yí bọ́dì rẹ̀ padà, tó ń jẹ́ kó sáré, tó ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1929 wọ́n kó lọ sí Abingdon, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Oxford, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe MG títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980. MGB jáde ní 1962. Syd Enever ni olórí àwọn ẹnjiníà tó gbé e kalẹ̀. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, èyí tí wọ́n ti ṣe ju 500,000 lọ, tí a bá ka èyí tó ní òrùlé irin mọ́ ọn, ìyẹn MGB GT tó jáde ní 1965. Púpọ̀ nínú wọn ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà.

Mo ń ka ìtàn yìí fún ọ nítorí pé àwọn tó ń tà á a máa sọ pé ọkọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n. MGB kò ṣọ̀wọ́n rárá. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni MGB tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, òmíràn yóò jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án, kí wọn gba owó ẹni náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lé ọ sáré.

Mọ̀ pẹ̀lú pé ìrísí ọkọ̀ yìí ju eré rẹ̀ lọ. Injínì onísílíńdà mẹ́rin ló ní, 1798 cc, agbára rẹ̀ nígbà tó jáde jẹ́ bí agbára ẹṣin 95, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, ó ń lé díẹ̀ ní máìlì 100 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń lọ ra oúnjẹ lónìí lè fi í sílẹ̀ níbi iná títì. Adùn rẹ̀ wà níbòmíràn: ìdí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọ létí, gbogbo ohun tí injínì ń ṣe lò ń gbọ́, ní máìlì 50 péré o ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ adùn yẹn kò ní béèrè ẹ̀kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ aláìlórùlé tí wàá kàn máa tan, tí yóò máa lọ láìyọ ọ́ lẹ́nu, lò ń wá, Mazda ti ń ṣe MX-5 láti 1989, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Dá ara rẹ lóhùn lórí ìyẹn kí o tó kúrò nílé.

O tún ní lọ́jọ́ kan wàá kó o lọ sílé ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí sitiarin rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ló kún títì Èkó, nítorí apá òsì là ń wà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà yí sí apá ọ̀tún. Ìgbà yẹn ti lọ. Ibí ni pààtì rẹ̀ wà, ibí ni àwọn tó mọ ọwọ́ rẹ̀ wà, ibí ni kí o ti gbádùn rẹ̀.

Ó yá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. MGA, èyí tí wọ́n ń ṣe ṣáájú MGB láti 1955 sí 1962, ní ṣáásí: irin gbọọrọ tó le, tí wọ́n gbé bọ́dì lé lórí. Bọ́dì lè jẹrà kí ṣáásí ṣì dúró. MGB kò ní irú ìyẹn. Bọ́dì rẹ̀ ni ṣáásí rẹ̀. Mú páálí bàtà kan, dé ìdérí rẹ̀, kí o gbìyànjú láti lọ́ ọ: kò ní fẹ́ gbà. Ṣí ìdérí náà kúrò, tún un lọ́, wàá rí i pé ó ń yí bí o ṣe fẹ́. MGB GT ní ìdérí. Tìrẹ kò ní. Agbára tí òrùlé ìbá fún un, ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ṣe é kó o sí: sínú ilẹ̀ ọkọ̀, sínú ihò gbọọrọ tó gba àárín ìjókòó méjèèjì kọjá, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, sínú síìlì, ìyẹn irin tó ń lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn láti ìdí táyà iwájú dé ìdí táyà ẹ̀yìn.

Síìlì kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Èyí tí o ń rí níta kàn bo ìyókù ni. Òmíràn dúró lóòró lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn kan ilẹ̀ ọkọ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ibí ń pè ní castle rail. Wọ́n jó gbogbo wọn pọ̀ di àpótí gbọọrọ tó ṣófo nínú. Inú òfìfo yẹn ni àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lásìkò òtútù wọ́n a máa da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà dì, omi iyọ̀ náà a sì ta wọ inú àpótí yìí, kò ní ríbi jáde, irin a máa dógùn-ún láti inú wá síta. Ọjọ́ tí ìpẹtà bá fojú hàn lábẹ́ ọ̀dà, inú ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ró dáadáa, yóò jó irin dí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn lágbede méjì kí bọ́dì má baà tẹ̀ nígbà tó bá ń gé e. Yóò gé títí yóò fi kan irin tó mọ́. Yóò wá máa fi tuntun sí i ní ìpele-ìpele, yóò máa gbé ilẹ̀kùn wọ̀ ọ́ wò bóyá ó ṣì bá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mu, kó tó jó o pa. Iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́, tó ń gba sùúrù ni, bí o bá sì parí rẹ̀ kò sí ẹni tó máa rí i. Ẹni tó fẹ́ tà kíákíá yóò ra irin ìta nìkan, yóò fi bo èyí tó jẹrà mọ́lẹ̀, yóò fi bọ́dìfílà dí etí rẹ̀, yóò wá da ọ̀dà dúdú tó nípọn sí gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Lórí fóònù rẹ, àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà olówó gọbọi fín, tí àtàǹpàkò mi wọlé lọ sínú síìlì rẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú títí di òní, kì í sì ṣe torí owó nìkan. Ọkọ̀ yìí kò ní àpò atẹ́gùn tó ń là gbàgà nígbà ìjàǹbá. Kò ní òrùlé. Bí ọkọ̀ míràn bá kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wà lára ìwọ̀nba ohun tó wà láàárín ìwọ àti òun. Ọmọ ẹni kan ló máa jókòó síbẹ̀. Ẹni tó fi fílà dí i mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣe é.

Nítorí náà, bí o bá débẹ̀, fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Má lọ lọ́jọ́ òjò, nítorí ọ̀dà tó bá tutù máa ń bo àlébù, má sì lọ lálẹ́. Wọ aṣọ tí o lè fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Mú tọ́ọ̀ṣì dání, mú òòfà kékeré irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà ẹni ẹlẹ́ni. Ní kí ó ká òrùlé aláṣọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ti ilẹ̀kùn méjèèjì, kí o wá wo àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká. Ó yẹ kí ó fẹ̀ bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àlàfo ẹ̀yìn bá fún lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà ti tẹ̀ láàárín, bóyá nítorí pé síìlì rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, bóyá nítorí pé ẹni tó jó o kò gbé e ró. Kò sí ọ̀dà tó lè wo ìyẹn sàn.

Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè níbi tí ilé iṣẹ́ ṣe fún jáàkì. Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ náà, kí o tún tì í. Bí ó bá ṣí tó sì tì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá há, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà kí o máa bọ̀ nílé. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jáàkì kan síìlì òun, òun náà ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Wá ìlà tóóró kan tó dúró lóòró nísàlẹ̀, díẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, níbi tí síìlì ti pàdé fẹ́ńdà iwájú. Láti ilé iṣẹ́ ló ti wà níbẹ̀. Bí o kò bá rí i, ẹnì kan ti fi nǹkan dí i, kí o béèrè ìdí. Fa òòfà rẹ kọjá lára ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà, lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, àti yíká òkè táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, fílà ló wà níbẹ̀. Ká rọ́ọ̀gì sókè, kí o wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó ni bátìrì wà, méjì onífólítì 6 ni ilé iṣẹ́ fi sínú ti ọdún yẹn, inú àpótí irin ni wọ́n sì ń gbé. Wo ìsàlẹ̀ àpótí yẹn, nítorí ásíìdì máa ń jẹ ẹ́. Dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kí o wo ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́.

Gbogbo èyí wúlò, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n mú ẹyọ kan, ẹ̀rí iṣẹ́ ni màá mú. Ẹni tó gé síìlì ọkọ̀ tó sì fi tuntun sí i dáadáa máa ń ya fọ́tò rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá fín in tán, kò sí ẹni tó tún máa rí iṣẹ́ òun mọ́. Béèrè fọ́tò ìgbà tí ọkọ̀ náà ṣì wà ní ìhòòhò, nígbà tí ihò wà lára rẹ̀, nígbà tí irin tuntun ń wọlé. Béèrè rìsíìtì irin, ti ọ̀dà, ti injínì. Fi ọjọ́ wọn wéra. Béèrè orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí o pè wọ́n. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé bọ́dì tuntun gbáko ni wọ́n lò, ìyẹn ṣeé ṣe: British Motor Heritage rí irinṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ irin MGB, láti 1988 ni wọ́n sì ti ń ta bọ́dì tuntun. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Rover pàápàá lo irú bọ́dì yẹn, pẹ̀lú àtúnṣe, nígbà tí wọ́n ṣe MG RV8 láàárín 1992 sí 1995. Owó ńlá ni. Ẹni tó bá san án kò ní sọ ìwé rẹ̀ nù.

Ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tún wà. Nọ́mbà tó wà lára àwo kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti inú V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, mu, láìsí pé wọ́n fi ọwọ́ pa á. MGB ọdún 1967 yóò máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GHN3, àyàfi tó bá jẹ́ ti ìparí ọdún náà tí wọ́n ti bọ́ sí GHN4. Bí L bá tẹ̀ lé e, ti onísitiarin apá òsì ni, òkè òkun ló ti kọ́kọ́ lọ, Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di pé wọ́n mú un padà wá, tí wọ́n sì yí sitiarin rẹ̀ sápá ọ̀tún. Kì í ṣe àbùkù. Ọkọ̀ tó dàgbà sí California tàbí Arizona, níbi tí òjò kò pọ̀, irin rẹ̀ sábà máa ń dára ju ti ibí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún ọ, kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó wá a rí. Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Gaydon, British Motor Museum, ní ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Fún owó díẹ̀ wọ́n máa fún ọ ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ tó ní nígbà náà àti ibi tí wọ́n kó o lọ. Kí o sì rántí pé V5C kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ọkọ̀. Béèrè ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi rà á, kí o sì lọ wò ó nílé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé náà.

Ó lè sọ pé ọkọ̀ òun kò ní MOT, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Òótọ́ ni pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò yí padà lọ́nà tó pọ̀, kò pọn dandan kó ṣe é mọ́. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó má ṣe é. Sọ fún un pé ìwọ máa san owó MOT, kí ó gbé e lọ. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ yóò gbé e sókè, yóò fi iná wo abẹ́ rẹ̀, kò sì ní kọ́bọ̀ kan láti rí nínú òwò yín. Èsì MOT tí ọkọ̀ náà ti ṣe sẹ́yìn wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, kà á. Ohun tí wọ́n kọ nípa síìlì rẹ̀ lọ́dún bíi mélòó sẹ́yìn, ṣé rìsíìtì wà tó fi hàn pé wọ́n tún un ṣe?

Ní ti owó, fetí sí èyí. Láti tún MGB tó ti jẹrà ṣe dáadáa, bọ́dì, ọ̀dà, injínì, ìjókòó, òrùlé aláṣọ, iye tó ń gbà sábà máa ń ju iye tí èèyàn lè tà á lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń pàdánù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà ọ́ níyànjú pé kí o ra èyí tí ẹlòmíràn ti parí, kí o má ra òkú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú pé ìwọ máa jí i dìde ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì: bí ẹnì kan bá ní òun tún ọkọ̀ ṣe láti òkè délẹ̀, tó sì ń tà á ní iye tí kò tilẹ̀ lè ra bọ́dì àti ọ̀dà, nǹkan kan wà tí wọn kò ṣe. Wá nǹkan náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe, tí ẹ̀rí wà, má fi owó kékeré yọ ẹni náà lẹ́nu.

Injínì ni mo ní ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ lé lórí, nítorí ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ ṣeé tún ṣe, pààtì rẹ̀ sì pọ̀. Bá a nígbà tó ṣì tutù. Fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó tan án, kí o mọ̀ pé wọn kò mú un gbóná sílẹ̀ dè ọ́. Bí o bá ti wà á tó gbóná dáadáa, kí òṣùwọ̀n ọ́ìlì wà ní nǹkan bíi 50 sókè nígbà tó bá ń sáré. Jíà àkọ́kọ́ ti ọdún yẹn máa ń ké bí o bá kó o sí i nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àrùn. Bí táyà rẹ̀ bá jẹ́ onípókì wáyà, gbé ọ̀kan sókè, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí o fi ọwọ́ yí i síwá-sẹ́yìn: bí ó bá ń dún kọ̀-kọ̀ lórí ibi tó jókòó sí, eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán. Kí o sì béèrè bóyá wáyà bátìrì rẹ̀ ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe so ó. Títí di apá ìparí 1967, apá pọ́sítífù ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀, ìdàkejì tòde òní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yí i padà, ọ̀pọ̀ kò sì yí i. Rẹ́díò tuntun tí o bá gbé sínú rẹ̀ láìbéèrè yóò jóná lójú rẹ.

Bí o ṣe máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bí ohun tí o máa wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàlagbà, tí ara rẹ̀ kò gbé e wọlé-jáde ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ tó báyìí mọ́. Kí i dáadáa. Jẹ́ kí ó sọ ìtàn rẹ̀, má já a lẹ́nu, nítorí inú ìtàn náà ni wàá ti gbọ́ ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe. Bí o bá rí àléébù, fi hàn án pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o béèrè ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Má pẹ̀gàn iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kí owó lè wálẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ wọ́n. Ẹni tó fi ìfẹ́ tún ọkọ̀ ṣe sábà máa ń dín owó fún ẹni tó rí i pé yóò tọ́jú rẹ̀, ó sì lè kó àpótí pààtì tó kù sílẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó àsansílẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ kí o tó fojú rí ọkọ̀ náà, kí o sì fọwọ́ kàn án. Ìyókù, láti báńkì sí báńkì, nígbà tí ìwé àti kọ́kọ́rọ́ bá wà níwájú rẹ.

Bí ó bá di tìrẹ, ìjọba kò ní gba owó orí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka ọkọ̀ àtijọ́ kí o tó jẹ àǹfààní yẹn. Ẹ̀ka kan náà ló yọ ọ́ nínú ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ní London. Kò yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n ń gbà láti wọ àárín ìlú. Sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò pé kí wọ́n kọ iye tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí sínú ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọn yóò pè é ní ọkọ̀ àlòkù lásán. Béèrè bóyá wọ́n ti fi irin tó le sí ìdí fáàfù injínì náà, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni pẹtiróòlù onílẹ́ẹ̀dì, tó ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀, ti kúrò lórí títà fún gbogbo èèyàn nílẹ̀ yìí. Má ra pẹtiróòlù E10 tó di gbogbogbòò ní 2021; ọtí inú rẹ̀ máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5 ni kí o rà, inú pọ́ǹpù olówó gọbọi ló wà. Ọ́ìlì 20W-50 ni kí o máa lò. Ra gíríìsì, kí o máa fún un sí ìdí táyà iwájú ní gbogbo máìlì 3,000, nítorí irin tó ń yí níbẹ̀ kò ní ohun míràn tó ń dáàbò bò ó.

Má yí i padà di nǹkan mìíràn. Injínì tuntun ti Jàpáànù, táyà gbàǹgbà, irin gígé níbi tí kò yẹ: yàtọ̀ sí pé ìyẹn lè gba àǹfààní ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó ń pa ohun tó mú kí o fẹ́ràn rẹ̀ run. Kí o sì máa wà á. Ọkọ̀ tí wọ́n tì mọ́lé nítorí pé ó lẹ́wà, bíréèkì rẹ̀ yóò há, pẹtiróòlù inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, rọ́bà rẹ̀ yóò gbẹ.

Kí òtútù àkọ́kọ́ tó dé, gbé e lọ kí wọ́n fún epo ìdáàbòbò sínú síìlì méjèèjì láti inú, títí yóò fi máa kán jáde níbi ihò tí omi ń gbà. Rí i pé ihò náà kò dí. Bí iyọ̀ bá wà lójú títì, fi ọkọ̀ sílẹ̀ sílé; bí òjò bá ti rọ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan tó ti fọ̀ ọ́ lọ, tí títì sì ti gbẹ, wọ kóòtù rẹ, ká òrùlé sílẹ̀, tan ẹ̀rọ amúgbóná tó wà lẹ́sẹ̀, kí o wà á tó máìlì 20 kí injínì lè gbóná délẹ̀, kó tó padà sí ipò rẹ̀.